Ẹ̀wù Tí Ọkọ Mi Rò Pé Tòun Ni

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi tó rí wúruwùru yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mọ̀ pé ìwé tí mo kà kò pọ̀, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi, ká má tíì sọ ti ọwọ́. Ṣé ikọ́ tó ń dà yín láàmú ti lọ? Ara èmi àti ọkọ mi le. Ọkàn mi ni kò fìdí mọ́lẹ̀. Ǹ bá pè yín lórí fóònù, àmọ́ yàrá kan ṣoṣo la ní. Ìyàwó tuntun kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àṣírí létí ọkọ.

Iṣẹ́ ti yí padà ní ilé ìkẹ́rùsí tí èmi àti ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kó rọ́bọ́ọ̀tì dé. Wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n á rá pálá sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù tí a ń to ẹrù sí, wọ́n á gbé e pọ̀n, wọ́n á gbé e wá bá wa níbi tí a dúró sí. Kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn. Ìjàpá la sọ wọ́n. Ìyá tó ń lẹ páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ìjàpá tí kì í jalè, tí kì í jẹun! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń sáré láàárín ṣẹ́ẹ̀fù ni ọ̀gá máa ń yìn, ọkọ mi ló sì ń gba ìyìn jù. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibi tí àwọn ìjàpá ń rìn, àfi ẹnì kan tó máa wọ ẹ̀wù pàtàkì kan. Tí wọ́n bá ti rí ẹ̀wù náà, wọ́n á dúró fún un kó ṣa ẹrù tó já bọ́. Ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n fẹ́ nínú wa. Àwọn yòókù á lọ máa já ẹrù níta.

Lọ́jọ́ ìdánwò, páálí ọṣẹ kan já bọ́. Kí obìnrin tó ń kọ́ wa tó lanu, ọkọ mi ti fò wọlé láìwọ ẹ̀wù náà, ó ti gbé páálí jáde! Gbogbo ìjàpá dúró gbagidi, iṣẹ́ dá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ti gbégbá orókè. Nígbà tó kàn mí, mo tẹ bọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà tó ń dá àwọn ìjàpá dúró, mo wọ ẹ̀wù náà, mo dúró títí iná pupa tó wà lókè rẹ̀ fi yí padà kí n tó wọlé. Ojo bíi tèmi, kí ló ṣòro nínú ìdúró?

Láàárọ̀ yìí, obìnrin náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní èmi ni wọ́n mú, kí n fún òun lésì lọ́la. Inú mi dùn débi pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti lọ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó yàn mí sí nǹkan kan rí. Àmọ́ ọkọ mi ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ni wọ́n máa mú. Ó ní, "Wọ́n rí i pé èmi kì í ṣe ọ̀lẹ."

Nírọ̀lẹ́ yìí, ó ní kí n wá ṣe ìjàpá kí òun fi kọ́ra. Mo rákò káàkiri yàrá, àpótí ìjókòó wà lẹ́yìn mi, a rẹ́rìn-ín títí ìyá onílé fi gbá ògiri. Ni ọkọ mi bá tún bẹ́ síwájú mi láìdúró. Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Iná ò tíì yí padà." Ó wò mí. "Ìyàwó, ta ló sọ ẹ́ di ọ̀gá?" Eré ló ń ṣe, àmọ́ mo dìde, mo mú ìgbálẹ̀. Láti ìgbà náà mo ti gbálẹ̀ tán, mo tún un gbá, mi ò rójú jókòó.

Kí n kọ iṣẹ́ náà kí inú rẹ̀ lè dùn, àbí kí n gbà á? Mo mọ̀ pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, ọ̀la á ti kọjá. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹbí wa mọ̀ pé wọ́n yàn mí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tó máa lé oorun lójú yín. Ilé yín á tòrò, ọwọ́ yín á máa ròkè.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ sọ ní Adákẹ́.

Mo gbàgbé: ọkọ mi ti wẹ̀ tán, ó ń pè mí. Ó ní kí n wá fi okùn wọn àyà òun, kí òun lè sọ ìwọ̀n ẹ̀wù fún wọn lọ́la. Bí mo bá wọ̀n ọ́n láìsọ nǹkan kan, irọ́ ni mo pa fún un yẹn. Ó tún ń pè. Mò ń bọ̀ o! Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mú okùn náà dání, mò ń lọ sọ fún un pé èmi ni wọ́n mú.