Ta Ló Mọ́ Nínú Wa?

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Mehr
Ọjọ́ kọkànlélógún. Mo ké e láàárín agbo láàárọ̀ yìí bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nílé ìtọ́jú yìí — orúkọ, lẹ́yìn náà iye ọjọ́ téèyàn ti fi mọ́. "Mahrokh, mọ́kànlélógún!" Obìnrin mẹ́rìnlá pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fa èéfín taryak, oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní ópíọ̀mù. Mọ́kànlélógún kì í ṣe kékeré o.

Parastu ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú Yazd. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: òun ò ní fojú kàn mí àfi tí mo bá mọ́ fún ogójì ọjọ́. Mi ò bá a jà. Ogójì ni mò ń lépa.

Ṣùgbọ́n wàhálà ti dé. Dókítà Tavakkoli, tó máa ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní taryak nìkan kọ́ ló ń ṣe mí. Ó ní àìsàn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ọkàn mi fò sókè, tó tún ń là á mọ́lẹ̀. Ó fún mi ní hóró oògùn funfun, kí n máa lo ọ̀kan lójoojúmọ́. Òní ni Ìyá Òǹkà rí i lọ́wọ́ mi. (Esmat lorúkọ rẹ̀ gan-an. Òun ló ń darí agbo. Ọdún méje ló ti fi mọ́, kò sì jẹ́ ká gbàgbé.) Ó ní, "Àbúrò mi, hóró ni hóró ń jẹ́. Ẹni tó bá ń gbé e mì kò mọ́. Tó o bá ń lò ó, òdo lo wà."

Òdo! Kí ni mo fẹ́ sọ fún Parastu?

Ọjọ́ Àìkú, 6 Mehr
Hóró ti òní wà nínú ìrọ̀rí mi.

Ọjọ́bọ̀, 10 Mehr
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ara mi yá gágá! Mo ti fọ rọ́ọ̀gì mẹ́fà kí wọ́n tó gbé tíì àárọ̀ kaná. Mo rán kọ́tìnnì yàrá wa. Sudabeh, tí a jọ ń sùn ní yàrá kan náà, ní, "Jókòó jàre, òòyì ti ń kọ́ mi!" Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí bí ẹni tí wọ́n lù. Ìyá Òǹkà ní kí gbogbo èèyàn wá wo bí obìnrin ṣe ń tàn tó bá mọ́. Mo gbà á gbọ́.

Àbámẹ́ta, 12 Mehr
Mi ò sùn — kò rẹ̀ mí — ta ló ń bẹ oorun? — lẹ́tà ogójì ni mo fẹ́ kọ sí Parastu, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan — mo ti kọ mọ́kànlá — Sudabeh ń jowú mi —

Ajé, 21 Mehr
N ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo já gbogbo ọsàn àgbàlá ní tútù, mo ń pín in fún àwọn obìnrin, mo ní ọkọ tuntun ni mò ń pín. Nígbà tí Sudabeh fẹ́ gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo gbá a létí. Sudabeh! Ẹni tó ń bu tíì fún mi láràárọ̀. Ojú tì mí, ó kọjá àfẹnusọ.

Òun náà ló tú ìrọ̀rí mi han dókítà. Hóró mẹ́sàn-án.

Dókítà ò bínú. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń fi taryak tu àìsàn yìí lójú láìmọ̀. "Ẹ ti gba taryak lẹ́nu rẹ̀, ẹ tún kọ oògùn gidi. Kí lẹ fẹ́ kó dá a dúró, Ìyáàfin Mahrokh? Àtẹ́wọ́?"

Láàárọ̀ yìí mo dìde láàárín agbo. "Mahrokh, mẹ́tàdínlógójì. Mo sì ń lo hóró mi." Ìyá Òǹkà mi orí. "Òdo," ó ní, jẹ́jẹ́. Ọkàn rẹ̀ mọ́ sí mi, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ àfi Sudabeh, ẹni tí mo gbá létí.

Mo sunkún. Mo gbé hóró náà mì.

Ẹtì, 25 Mehr
Ọjọ́ fóònù. Àná ni ogójì ì bá pé. Mo ti gbẹ́ irọ́ mi sílẹ̀ pé ó pé — ta ni yóò já mi nírọ́ ní Yazd? Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, irọ́ náà kọ̀, kò jáde. Mo ní, "Parastu, wọ́n ti dá mi padà sí òdo. Ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà." Mo sọ ti hóró, ti ọsàn, ti ìgbátí, gbogbo rẹ̀.

Ó wá béèrè pé, "Màámi, ṣé ẹ ti ń sùn?"

Mo ní mò ń sùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan báyìí, títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ó ní kí n máa lo hóró yẹn, òun ń bọ̀ lọ́la. Mo ní ogójì ọjọ́ ńkọ́? Ó bú sẹ́kún, ó ní:

"Mo rò pé èéfín yẹn ló ń lé oorun yín lọ ni, ìdí tí mo fi ní ogójì nìyẹn. Màámi, èéfín yẹn ò dẹ́rù bà mí rí. Àwọn ọjọ́ tí ẹ kì í sùn ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi."