Ẹ̀dọ̀ Eku àti Oògùn Bàbá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Ifẹ̀ níbí. Mo kí Àdùkẹ́ àbúrò mi, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kó rọra kà á o, kó má fo ibì kankan.

Ọyẹ́ ti dé. Ní Ìlódè tí mo ń gbé, ètè gbogbo wa ti là. Tí àwọn ará ilé bá ń sọ èdè Ifẹ̀ láàárín ara wọn, n kì í gbọ́ tó ìdajì. Màá kàn máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ni àárò Bàbá máa ń sọ mí jù, ní àsìkò tí wọ́n máa ń gbá rédíò wọn létí kó lè sọ̀rọ̀.

Àlàbí awakọ̀ ròyìn yín fún mi. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni ẹ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fi sílẹ̀, hóró kan láràárọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó ní ẹ sọ pé ohun tí ọkọ yín ò lò tán kò ní ṣòfò, àti pé tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ṣì wà nílé. Ó ní òun bi yín pé ṣé ẹ ó máa wọ ṣòkòtò wọn náà ni, ẹ sì lé òun jáde. Ó tún ní òòyì kọ́ yín lẹ́bàá kànga, ẹ ní ebi ni.

Màmá, ẹ mọ̀ pé ilé eku, níbi tí wọ́n ti ń dán oògùn wò lára eku, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ ní ẹni tó ń dẹ pàkúté fún eku lóko ti wá di ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún wọn. Màdámù, olùkọ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́, kì í fún eku kankan lóògùn láìgbé e lé òṣùwọ̀n. Ọwọ́ wọn fẹ́lẹ́ débi pé eku kì í ké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ní góńgó ìrù rẹ̀, kí wọ́n lè mọ iye oògùn tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀.

Láti inú ìfun, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ gbé oògùn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ eku ò kún àtẹ́lẹwọ́ mi, síbẹ̀ á dá oògùn dúró, á fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, á jẹ́ kí ìyókù kọjá sí ọkàn àti ọpọlọ. Òmíràn á lọ sá pamọ́ sínú ọ̀rá. Kíndìnrín á wá máa sẹ́ ẹ jáde sínú ìtọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn! Tí mo bá ń tún àgò wọn ṣe, mo máa ń dúró wò wọ́n, orí mi á wú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún Màdámù. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú mi lọ wo eku méjì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà, ìwọ̀n kan náà. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tẹ́lẹ̀ ń jẹun lọ. Èkejì, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ru rí, nà gbalaja, kò lè gbórí sókè, torí oògùn náà ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ jù. Àgbà eku ni. Màdámù ní kíndìnrín rẹ̀ kì í tètè lé oògùn jáde mọ́, ti àná ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí tòní tún wọlé bá a. Wọ́n ní kí a má fún un mọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ṣe ìyókù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó dìde, ó mu omi. Mo sunkún, Màmá, nítorí eku.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé òmíràn mì kí dókítà tó yẹ̀ yín wò. Ara Bàbá ni wọ́n wọn oògùn yẹn fún. Ẹ má dà á sẹ́yìnkùlé o, kí adìẹ má baà ṣà á jẹ. Ẹ mú un dání, kẹ́ ẹ bá Àlàbí wá lọ́sẹ̀ yìí. Tí ara yín bá nílò oògùn, á jẹ́ èyí tí wọ́n kọ orúkọ tiyín sí.

Mo ní kí ìwé ìròyìn bá mi tẹ lẹ́tà yìí, torí mo mọ̀ pé opó mìíràn wà tó ń ṣe bíi tiyín. Àárò Bàbá ń sọ èmi náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ, Màmá. Ẹ̀yin ni ilé tí mo ń kọ̀wé sí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí yín,
Àkànní