Aláwọ̀n Kò Níṣẹ́ Mọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Òkúdù
Géèmù ẹja ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rà á, ó pè mí, mo sáré lọ. Nínú ti àkọ́kọ́, bọ́tìnì kan péré ni: òun á ju ìwọ̀, èmi á fi àwọ̀n gbé ẹja. Nínú ìkejì, okùn lè já — òun á fà, á dẹ̀ ẹ́, èmi á dúró de ẹja létí omi. Láti kékeré, òun ni Ọ̀gá Ìwọ̀, èmi ni Aláwọ̀n. Nínú tuntun yìí, àwọ̀n ń dá ṣiṣẹ́. Mo jókòó tì í, ọwọ́ lórí itan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Ta ló bẹ àwọn tó ṣe géèmù yìí kí wọ́n tún un ṣe?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo ní ká padà sí ti àtijọ́. Ó ní ìyẹn ti sú òun, kí n lọ ra tèmi. Ra tèmi kẹ̀! Ṣé ẹja ni mò ń wá ni? Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é. Ìwé yìí kò jẹ ẹ́ ní ọ̀wọ̀ kankan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Wọ́n dá àwọ̀n padà! Inú mi kò tíì dùn tán tí mo fi ka ìkéde wọn dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń wá aláwọ̀n, orúkọ rẹ̀ á jáde lójú géèmù, ẹnikẹ́ni láyé lè gba orí ayélujára wọlé bá a. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀: ó ń yin àjèjì kan, ó ní ọwọ́ rẹ̀ yá. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé àwọ̀n, ta ló yìn mí? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún
Mo ra tèmi. Orúkọ àlejò ni mo fi wọlé. Ọ̀gá Ìwọ̀ ń wá aláwọ̀n — mo yan án. Ògiri kan ló wà láàárín wa. N kò bá ire wá.

Ẹja ńlá tó ti ń wá láti géèmù àkọ́kọ́ gbé ìwọ̀ mì. Ó fà, ó dẹ̀ ẹ́, mò ń gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe ń han. Ẹja dé etí omi. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí páàdì. Ẹja lọ.

Mo ń retí èébú. Ó kọ ọ́ sójú géèmù lóòótọ́: "Aláwọ̀n wo nìyí? Àbúrò mi kì í jẹ́ kó bọ́." Ó lé mi jáde nínú géèmù.

Orúkọ rẹ̀ ti tún jáde. Ó ń wá aláwọ̀n. N kò tíì tẹ nǹkan kan.