Báàgì Kan fún Ràkẹ́ẹ̀tì Ẹni Méjì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Báàgì ti lọ. Nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń gbá badmíntìn lónìí ni ìdí ẹ̀ já, gbogbo ẹrù dà sílẹ̀ lójú èèyàn — bàtà, aṣọ ìnura, páálí bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ta báàgì náà nípàá, ó gbá àga, àga gbá ẹnì kan lójúgun. Ẹ̀rín tán.

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti àbúrò mi fi lò ó. Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é láti kékeré: ó rí tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì máa ń gúnni. Báàgì kan, ràkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, mẹ́ta tèmi, mẹ́ta tiẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń gbé e. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìdíje ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. A gbọ́dọ̀ ra òmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta
Ẹran ni mo gé ṣúlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi ní mò ń la egungun bí ẹni pé egungun bú ìyá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta
Èmi àti Abẹ́rẹ́ lọ wo báàgì. Mo ti mọ èyí tí mo fẹ́ kí n tó wọlé: gígùn, oníyàrá méjì, tó gba ràkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, tí inú ẹ̀ ń dán bíi páànù kí oòrùn má baà dẹ okùn ràkẹ́ẹ̀tì. Àyè bàtà wà nísàlẹ̀ lọ́tọ̀, òógùn ẹsẹ̀ ò ní bá nǹkan míì jẹ́. Mo gbé e kọ́ èjìká, ó bá mi mu. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí Abẹ́rẹ́.

Ó wà níkọ̀rọ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré kan, ti ẹ̀yìn, tí kò gbà ju ràkẹ́ẹ̀tì méjì lọ. Ó ń fa síìpù ẹ̀ wá, ó ń fà á lọ. Ó ń bi olùtajà bóyá èèyàn lè fi àgádágodo sí i.

Mo ní ta ló fẹ́ gbé ìyẹn. Ó ní, “Èmi ni, Àǹtí mi. Ẹ ra tiyín, kí n ra tèmi.”

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo gba báàgì náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo sọ ọ́ lu pẹpẹ, pẹpẹ wó. Wọ́n lé wa jáde. A ò ra ìkankan.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta
Ẹni tó bá ń ya ẹrù sọ́tọ̀, ó fẹ́ lọ ni. Télọ̀ ló wà nídìí ẹ̀ — obìnrin tó ń ránṣọ níwájú gbọ̀ngàn, tó ń bá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta
Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

A bá Télọ̀ àti ẹnì kejì ẹ̀ gbá, wọ́n nà wá. Mo ti ọwọ́ bọ inú àpò ọ̀rá tí à ń kó ràkẹ́ẹ̀tì sí báyìí, mo fa ọ̀kan yọ, mo fi lu òpó àwọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Orí ẹ̀ fò lọ. Ti Abẹ́rẹ́ ni.

Kò sunkún. Ó ṣa àfọ́kù náà jọ. Ó ní, “Mẹ́rin rèé, Àǹtí mi. Ẹ ò fọ́ tiyín rí.” Mo ní ìgbà tí inú bá ń bí mi, èyí tọ́wọ́ mi bá kọ́kọ́ bà ni mò ń mú. Ó ní, “Ọwọ́ yín mọ ibi tó ń lọ.” Ó ní nítorí ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ báàgì tó ṣeé tì, kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni.

Ṣé bí mo ṣe ní kó má bínú nìyẹn? Ìfọ́tí ni mo fi dá a lóhùn. Ó dún káàkiri gbọ̀ngàn. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní eré náà fọn fèrè bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ló jáde.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta
Àtẹ́lẹwọ́ ń ta mí. Mi ò bèèrè etí tiẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta
Màmá ti gbọ́. Wọ́n ní, “Ìwọ lo pọ̀n ọ́n dàgbà, ìwọ lo tún ń lù ú.” Wọ́n ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́.

Mo ra báàgì ńlá náà lọ́nà ibi iṣẹ́. Mo kó tèmi sí yàrá kan, mo fi èkejì sílẹ̀ lófìfo. Mo ra ràkẹ́ẹ̀tì tuntun kan dípò èyí tí mo fọ́, mo kì í bọ̀ ọ́. Ó wù mí. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ó wù mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta
Kò gbà á.

Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, mo ní àforíjì ni mo wá tọrọ. Ó ní òun ti forí jì mí. Lẹ́yìn náà ló ní orúkọ òun àti ti Télọ̀ ti wà lọ́wọ́ Olùkọ́ fún ìdíje. Ó ní, “Iwájú lẹ máa ń fi mí sí, ẹ̀yin á wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn mi ni mò ń bẹ̀rù, Àǹtí mi. Mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Ìlẹ̀kùn ẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lára férémù báyìí. Aládùúgbò jáde pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀. Mo wò ó títí tó fi wọlé padà.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta
Ọ̀bẹ gé mi níka. Mo jẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kí n tó dì í.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta
Olùkọ́ fún mi ní ẹnì kejì, obìnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì. Èèyàn dáadáa. Ó kó ràkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí yàrá Abẹ́rẹ́ nínú báàgì, ó fara balẹ̀ tò wọ́n. Ó ṣe mí bíi kí n kó wọn dà sójú títì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta
A pàdé wọn ní ìpele kejì. Abẹ́rẹ́ gbé báàgì kékeré yẹn pọ̀n wọlé, ó kí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Mo jẹ́ ẹ lóhùn.

Wọ́n jẹ ọ̀kan, a jẹ ọ̀kan. Ẹ̀kẹta dé àmì méjìdínlógún síra wa, mọ́kànlélógún ló sì ń parí ẹ̀. Télọ̀ gbá ọ̀kan sókè, kò jìnnà, ó rọra ń bọ̀ wálẹ̀ síwájú mi. Abẹ́rẹ́ wà nídìí àwọ̀n. Mo fi gbogbo agbára gbá a.

Ojú ọ̀tún Abẹ́rẹ́ ló bà. Ó wólẹ̀ lórí eékún. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka ẹ̀ jáde. Adájọ́ fún wa ní àmì — òfin ni, bọ́ọ̀lù tó bá bara èèyàn, ẹni tó gbá a ló ni ín.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta
Ilé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ dà sínú ẹyinjú, òun ò lè ṣèlérí pé yóò ríran padà. Gbogbo wọn ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Olùkọ́ ní eré náà ló rí bẹ́ẹ̀. Télọ̀ alára dì mọ́ mi, ó ní kí n má dá ara mi lẹ́bi.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta
Màmá jáde lọ bu omi. Abẹ́rẹ́ bi mí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an: “Àǹtí mi, ṣé ẹ rí i pé apá òsì wa ṣófo kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn?”

Mo ní mi ò rí i. Mo ní bọ́ọ̀lù yá jù, mo kàn gbá a ni.

Ojú ẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi báńdéèjì dì; ó táwọ́ títí tó fi bá ọwọ́ mi, ó dì í mú. Ó ní ohun tí òun náà sọ fún Télọ̀ nìyẹn. Ó ní tí wọ́n bá dá òun sílẹ̀ lọ́la, ọ̀dọ̀ mi lòun fẹ́ wà títí ojú yóò fi san. Màmá padà wọlé, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìjà ti parí.

Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un. Apá òsì wọn ṣófo gbàgede lọ́jọ́ ìdíje yẹn. Mo ti rí i kí n tó gbọ́wọ́ sókè.