Òdo Tí Tíṣà Kà Sí Odò

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Oṣù mọ́kànlá gbáko, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ mi níbi iṣẹ́ àjẹsára — rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ò mú ọmọ kankan. Ó ku oṣù kan ká kéde pé kò sí mọ́. Mo ti ṣèlérí fún bàbá mi — Tíṣà, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é — pé ọjọ́ tí a bá kéde ni màá kọ̀wé fipò sílẹ̀, màá wá jókòó tì í. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 4
Inú mi dùn débi pé mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Tíṣà láìfi àmì ohùn sí i: "E karo Baba. A ti fe de odo." Èsì dé kíá: "Má wọ̀ ọ́ o. O ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo pè é: òdo ni, Bàbá, èyí tó rí roboto bí ẹyin! Ó ní òun fúnra òun lòun kọ́ mi ní àmì ohùn, kí ló dé tí mo ń rán ọ̀rọ̀ jáde níhòòhò.

Ẹtì, 7
Wọ́n rí ọmọ kan tó mú. Abúlé kan lórí òkè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Àìkú, 9
Ká tún ka oṣù méjìlá mìíràn, láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní kí n má lọ. Tíṣà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn ún, ó ń dá jẹun. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí ju ti mínísítà lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo gun òkè náà. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó ń fìdí wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí bàtà mi. Ìyá ẹ̀ ní àwọn tó ń kán oògùn àjẹsára sọ́mọ lẹ́nu wá lọ́dún tó kọjá, ọmọ ń sùn, òun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jí i. Wọ́n gbà fún un. Mo dì mọ́ ìyá náà, mo ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Inú mọ́tò ni mo ti sunkún tèmi.
Mo pe Tíṣà, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó wá ní ṣé a ti jí àwọn ọmọ tó kù. Mo ní rárá.
"Kí lo wá fẹ́ wálé wá ṣe?"
Ohùn ẹ̀ ti tín-ín-rín. Àárò ẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Àbámẹ́ta, 22
Àbúrò mi ọkùnrin pè — olófòófó ilé wa — ó ní kí n má sọ pé òun ló sọ. Láti ọdún tó kọjá ni ìwé ìrìnnà Tíṣà ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò gbà mí gbọ́ rí pé màá wálé! Wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ ìrìn àjò lánàá. Tíṣà! Tó gba ojú fèrèsé sá fún nọ́ọ̀sì, tí èmi dókítà ọmọ ẹ̀ ò rí apá ẹ̀ gún rí. Wọ́n ní ó dijú, ó ní kí wọ́n ṣe kíá, ọmọ òun ò ráyè wálé, òun lòun ń lọ bá a.