Fisáyọ̀, Má Lo Oògùn Náà Mọ́

Bè, Lomé, Togo,
Oṣù Kejì, 1993.

Fisáyọ̀ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí Mercy ọmọ rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ẹ̀yin méjèèjì lórí ìdúró ní Kútọnu. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni mo ṣe ń béèrè ìlera yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Làmídì tó ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato ti jíṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní láti ìgbà tí ẹ ti sá kọjá ẹnubodè ni ẹsẹ̀ rẹ ti ń kú tipiri, tí àyà rẹ sì ń já. Ó ní o sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ló tún gbé dé, kí n fi agolo oògùn ìfọnú mìíràn ránṣẹ́. Mi ò ní fi ránṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, dà á sí ṣáláńgá. Má fún Mercy ní ẹyọ kan.

Ìlú kò tíì rọ̀. Ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n fi ń tako ìjọba kò tíì parí, ọjà ṣì wà ní títì, àwọn sọ́jà sì ń gba àdúgbò wa kọjá nínú ọkọ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti ṣófo. Ewúrẹ́ àwọn tó sá lọ ló ń rìn kiri ojú títì. Nọ́ọ̀sì díẹ̀ ló kù ní ọsibítù, nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣàìsàn, ilé rẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí.

Ìyá rẹ wà lára wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi tìrẹ gẹ́lẹ́, ó ní orúnkún òun kò gbé òun mọ́. Èmi tí mo kàwé oògùn sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo sì ní kó fi kún oògùn tó ń lò. Inú rẹ̀ ṣí, ara rẹ̀ sì tún rọ sí i. Mo tún fi kún un. Ní báyìí, kò lè gbé ife dé ẹnu. Tí mo bá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lù, á dákẹ́, á sì tún sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ tipẹ́. Inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù. Òun ló ń jẹ́ kí iṣan lágbára, kí ọkàn sì máa lù déédéé. Sẹ́ẹ̀lì ní ẹnu ọ̀nà tó ń fà á wọlé, ẹnu ọ̀nà yẹn kò sì gbọdọ̀ sinmi, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jò jáde. Ìyẹ̀fun tí mo fi ń ṣe oògùn wa, èyí tí ń sọ omi ọṣẹ di pupa nínú ilé ìgbẹ́, ìdílé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní fẹ́nọ́ọ̀lì ló ti wá. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní Ìbàdàn, a fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò, mo sì rí i pé pọtásíọ̀mù kò wọlé bó ṣe yẹ mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru á sì tún máa kó ti ara lọ. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rọ. Ọkàn ló máa ń kàn.

Mo mọ èyí kí n tó fẹ́ ìyá rẹ. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kò kan ènìyàn. Oògùn náà ń tà, àwọn èèyàn sì ń pè mí ní dókítà. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo ń tò yín sí ẹ̀yìnkùlé, tí kálukú yín á la ẹnu. Ìgbéraga mi ni. Dárí jì mí.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ, ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Fisáyọ̀, oògùn tí ẹ fi tọ́ gbogbo wa, òun lẹ wá ń pè ní májèlé? Ẹ ti darúgbó o, mọ́síyọ̀ dókítà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ fọ ojú mi. Mo kó gbogbo agolo inú àpótí dànù níṣojú rẹ̀.

Lọ sí ọsibítù lónìí. Sọ fún dókítà láìtijú pé oògùn ìfọnú tó wá láti ìdílé fẹ́nọ́ọ̀lì lo ti ń lò, kí ó yẹ pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Omi àgbọn tí mo lọ wá ní Baguida létí òkun ni mo ń fi ṣíbí bu fún ìyá rẹ, nítorí pọtásíọ̀mù inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́, ó pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó fi èémí sínú rẹ má ṣe gbà á nítorí àṣìṣe mi. Kí Mercy fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré dàgbà.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń tọrọ ìdáríjì,
Théophile Oyèlékè.

Àfikún: Làmídì ti dé láti gba ìwé yìí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé nígbà tí mo lọ sí Baguida, ìyá rẹ pe òun sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní kí òun fa agolo kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì ní, "Bá mi fún ọmọ mi. Má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́." Ìsìlámíyátù ìyàwó Làmídì ti gbé e kọjá ẹnubodè láná. Mo bi ìyá rẹ bóyá lóòótọ́ ni. Kò lè fọhùn mọ́, orí ló mì sí mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Fisáyọ̀, agolo náà á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ìwé mi tó dé. Bí kì í bá ṣe ìwọ fúnra rẹ lo ń ka ìwé yìí, mo bẹ ẹni tó ṣí i: ẹ gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì gba agolo náà lọ́wọ́ Mercy.