Bàbá Alábùlẹ̀, Bíríkìlà Ilé Ẹ̀kọ́ Àtijọ́

Ní ọdún 1944 ni a bí bàbá wa, nínú yàrá kan tó fara ti ààrò ńlá tí wọ́n fi ń sun bíríkì. Bàbá tó bí wọn ló ń dáná ààrò náà, ìyá wọn ló ń po amọ̀. Ọdún mẹ́fà péré ni Bàbá fi kàwé, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí bàbá wọn àgbà wà lára àwọn tó fi bíríkì kọ́ ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Ní 1971, wọ́n fẹ́ ìyá wa, tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà.

Ní 1983, ògiri iwájú ilé ẹ̀kọ́ náà là. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbé iṣẹ́ náà lé Bàbá lọ́wọ́, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá ibi tí wọ́n tún ṣe mọ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá gbé bíríkì tuntun sún mọ́ ògiri láti fi àwọ̀ wọn wéra, òjò àná ṣì wà lára ògiri náà. Bíríkì tútù máa ń dúdú ju gbígbẹ lọ. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìkánjú ò jẹ́ kí wọ́n dúró; èyí tó bá ògiri tútù mu ni wọ́n tò. Nígbà tí ògiri gbẹ tán, háà! Bíríkì tuntun dúdú láàárín rẹ̀ bí àbùlẹ̀ lára aṣọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sọ bàbá wa ní Bàbá Alábùlẹ̀. Bàbá ń bá wọn rẹ́rìn-ín níta, ṣùgbọ́n nílé, ẹ̀rín náà á pòórá. Ó dùn wọ́n wọra, a ò ní purọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wá àwọ̀ yẹn. Wọ́n pààrọ̀ amọ̀, wọ́n pààrọ̀ igi ìdáná. Bíríkì ìdánwò kún ojú fèrèsé títí dé abẹ́ ibùsùn. Ìyá wa a máa bi wọ́n pé, "Èmi ni ìyàwó yín ni, àbí bíríkì?"

Ní 1994, lójú oòrùn ọ̀sán, tí ògiri gbẹ táútáú, àwọ̀ bá àwọ̀ mu. Bàbá yọ bíríkì dúdú tí wọ́n tò ní 1983 lọ́kọ̀ọ̀kan, igba ó lé méjìlá, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò wọn. Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ mẹ́sàn-án mìíràn ni wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà. Wọn kì í fi àwọ̀ wéra lọ́jọ́ òjò mọ́ láé.

Olùfọkànsìn ni Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń jókòó sí nílé ìjọsìn, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwàásù nìkan lọkàn wọn ń bá lọ. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ ládùúgbò.

Ìyá wa, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló gbẹ̀yìn wọn. Àkọ́bí wọn obìnrin, bíríkìlà ni.

Lọ́jọ́ kejì tí Bàbá papò dà, gbogbo wa lọ síwájú ògiri yẹn. A kàn fẹ́ fọwọ́ kan bíríkì kan tí Bàbá tò. Àkọ́bí tó mọṣẹ́ wá a láti ìsàlẹ̀ dókè. A wá a tì, a bú sẹ́kún. Ìyá wa ò wá nǹkan kan. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n ní, "Bàbá yín ti ṣe é tán. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Bàbá Alábùlẹ̀, a ò rí àbùlẹ̀ náà mọ́. Ẹ sùn re o.